Ẹ Má Ju Àpótí Aago Bàbá Nù

Ní pálọ̀ àwọn ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba, ẹ lè rí aago ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá tó ni ilé: àpótí igi tí wọ́n gbẹ́, ilẹ̀kùn onígíláàsì, òpó kéékèèké lọ́tùn-ún lósì, adé igi lórí. Tó bá ti kú, àwọn ọmọ á ní, "Ẹ jù ú nù jàre," tàbí, "Ẹ fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sí i, àpótí yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni."

Ẹ̀ṣọ́ lásán kẹ̀? A ò gbà. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí: pé inú ni iṣẹ́ wà, pé ojú ò jẹ́ nǹkan kan. Àpótí yẹn ló ń dènà eruku ọyẹ́. Igi rẹ̀ ló ń mú kí ohùn irin tí aago ń lù ròkè. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́, tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pá tó ń fì nínú rẹ̀ ò ní fì dọ́gba mọ́, kò sì ní pẹ́ dúró. Ohùn yẹn náà la sì fi sọ ọ́ lórúkọ: aago àti agogo, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àmọ́ a ní ẹjọ́ bá iṣẹ́ ọnà rẹ̀ rò. Ní 1850, Friedrich Eisenlohr ní Jámánì ya àpótí aago tó dà bí ilé ẹni tó ń ṣọ́ ojú irin; ìrísí yẹn ṣì wà lára aago ẹlẹ́yẹ wọn dòní. Ohun tó yí wọn ká ni wọ́n gbẹ́. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Àwa náà ò ṣàì ní agbẹ́gilére: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀ fún ọba. Ta ló ronú pé kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ́ àpótí aago fún wa?

Ìdájọ́ wa rèé. Ẹwà ẹlòmíì ni àpótí yẹn, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó rà á, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ wáìndì rẹ̀, ti sọ ọ́ di tilé. Ẹ wá ẹni tó mọ aago àtijọ́ tún ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà á sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ padà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tuntun, ẹ lọ bá agbẹ́gilére, kẹ́ ẹ ki oríkì ilé yín fún un.