Ọ̀pẹ, Afẹ́nifẹ́re àti Owó Àgbẹ̀: Àtúnkà Ìròyìn Ìgbìmọ̀ Coker

Ohun tó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìròyìn Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Coker, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1962, àti ohun tó fi hàn nípa àjọṣe ilé-iṣẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ Action Group. Ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ náà. Afẹ́nifẹ́re ni Yorùbá ń pè é.

Ní 1958 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ National Investment and Properties Company sílẹ̀. Àwọn olùdarí rẹ̀ ni Dókítà Akínọlá Májà, Olóyè S. O. Gbàdàmọ́sí, Olóyè S. O. Ṣónibárẹ́ àti Olóyè Alfred Rewane; èèkàn ẹgbẹ́ ni wọ́n. Marketing Board Ìwọ̀-Oòrùn ló yá ilé-iṣẹ́ yìí lówó. Owó wo? Èrè tó ṣẹ́kù lórí irè oko ni, nítorí iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó tó ti ibẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́ lé ní mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn.

Àléébù ìròyìn náà kò fara sin. Ó di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀, ó dá Akíntọ́lá láre. Bẹ́ẹ̀, Akíntọ́lá ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti Oṣù Kejìlá 1959. Alátakò Action Group ló sì wà nínú ìjọba tó yan ìgbìmọ̀ náà. Èyí ni àwọn kan ṣe ń pe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tẹ̀ lásán. Àwa kò fara mọ́ èyí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: orúkọ ẹni tó jẹ̀bi ni làpálàpá, owó àgbẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀. Àrùn náà kò sì mọ sí ẹgbẹ́ kan. Ní 1956, ìgbìmọ̀ Foster-Sutton wádìí Azikiwe ti NCNC lórí owó ìjọba Ìlà-Oòrùn tó wọ African Continental Bank.

Ní ojú ìwòye tiwa, kì í ṣe pé olówó wá ra ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló fi owó ìlú bí olówó tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pàdánù ìjọba pàdánù orísun owó; èyí wà lára ohun tó mú ìjà 1962 le tó bẹ́ẹ̀.

Ní àgbálọgbábọ̀, olùkọ́ tó bá ń kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, kó má ṣe fi èyí pamọ́. Ní Ìkálẹ̀ tiwa, àmì ìbò nìkan kọ́ ni ọ̀pẹ. Òógùn àwọn tó ń pa èkùrọ́ ni.