Ẹ̀lẹ̀ Ni A Fi Ń Wọ Ọ̀fun

Ọdún 1878 ni William Macewen, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, fi ìka tọ́ ọ̀pá èémí sọ́nà wọ ọ̀fun aláìsàn tí kókó wà nídìí ahọ́n rẹ̀. Ojú ẹni náà là kedere. Ìgbà tí ọ̀pá ti jókòó ni wọ́n tó fún un ní chloroform. Macewen kò ní kámẹ́rà tí a fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun lónìí, kò ní lidocaine tó ń pa ọ̀fun kú; ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ló ti ń ki ọ̀pá náà bọ ọ̀fun ọ̀hún, kí ó lè mọ́ ọn lára. Ọ̀gá ni fún gbogbo àwa tí a ń kun ènìyàn lóorun. Tí a bá kun ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lóorun kí ọ̀nà tó ṣí, ẹran ọ̀fun a dẹ̀, èémí a dákẹ́. Tó bá lajú, èémí ara rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Níbi pípa ọ̀fun kú ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà. Glycopyrrolate, oògùn tó ń mú itọ́ gbẹ, ló ń ṣíwájú, nítorí itọ́ a máa fọ lidocaine dànù. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀ ni: ahọ́n, ẹ̀yìn ọ̀fun, okùn ohùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká kán an, ká dúró, ká tún kán an. Ìlànà Difficult Airway Society ní Britain ní kí lidocaine má kọjá mílígíráàmù 9 fún kílò kan, láìka ọ̀rá ara: 540 fún ẹni kílò 60. Bí okùn ohùn bá ti kú, ohùn a há. Bí a bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ̀fun tí èébì kò gbé e, ó tó àkókò.

Àwọn kan ní kámẹ́rà wọ́n jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í pa ọ̀fun kú, lidocaine kò sì wọ́n. Àwọn mìíràn ní ìyà ni fún aláìsàn láti lajú sílẹ̀ gba ọ̀pá. Ìkánjú ló ń fa ìyà náà. Èyí tó burú jù ni ká fi oògùn oorun bo ọ̀fun tí a kò pa kú dáadáa mọ́lẹ̀: ọ̀nà àbùjá tó lè gba èémí ni.

Ẹni tí wọ́n gbé láti Ìmọta, gba Ìkòròdú, dé ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà, fúnra rẹ̀ ló mí ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má gba èémí ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ dín kù.