Àáké Tí Kò Sí Nínú Òwe

Òwe igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so èso, tí ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 13, jẹ́ ààyò àwọn oníwàásù nígbà tí wọ́n bá ń pe ìjọ sí ìrònúpìwàdà. Àáké ni ó sì máa ń dún jù lẹ́nu wọn. Olóko wí pé kí a gé igi náà lulẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ìwàásù Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ní orí 3, ni àáké ti wá.

Ilẹ̀ gbígbẹ́ àti ajílẹ̀ ni Jésù dárúkọ. Ọdún 3 ni olóko ti ń wá èso. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀ ẹ́ fún ọdún 1 sí i, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dúró fún igi náà. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ìpamọ́ra Ọlọ́run kì í ṣe ti ẹni tí ó káwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá ń lò pàápàá, ronúpìwàdà, fi ìrònú ṣáájú kí ìwà tó yí padà. Ìbẹ̀rù lè mú ènìyàn sáré wá síwájú pẹpẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò fún un ní àyè láti ronú.

Àwọn kan yóò ní irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ yóò sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di aláìbìkítà. Àníyàn wọn ní ìdí, nítorí ọdún 1 náà ní òpin. Síbẹ̀, Jésù kò sọ bí igi náà ti rí nígbà tí ọdún pé. Oníwàásù tí ó gé e lulẹ̀ kí ó tó ṣe Àmín ti fi tirẹ̀ kún un.