Orin tí a Dá fún Fíìmù

Ọ̀tọ̀ ni kí fíìmù yá orin lò, ọ̀tọ̀ ni kí a dá orin fún un. Ṣadé Adu, olórin tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ti wà nínú méjèèjì. Inú àwo rẹ̀ ti ọdún 1992 ni fíìmù *Indecent Proposal* ti yá “No Ordinary Love” ní 1993. Ṣùgbọ́n nítorí *Widows*, fíìmù Steve McQueen ti ọdún 2018, ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe dá “The Big Unknown”. Èyí kejì ni mo gbóríyìn fún jù. Ìtàn àwọn opó ni. Orin náà kò tún ìtàn sọ. Ìgbà tí ìtàn parí ni ó dé, ó sì dárò ohun tí àwọn opó náà kò ráyè sunkún lé lórí.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa, orin a máa tú àṣírí ìtàn kí òṣèré tó dé ibẹ̀. Àbùkù ni.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ọgọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago lónìí, ẹwà rẹ̀ kò sì dín. Ohun tí ó yẹ orin fíìmù náà nìyẹn: kí ó bá ilé tí a ṣe é fún mu, kí ó sì lè dá dúró.