Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ Xu Bing wò, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n bí ní ọdún 1955. Ọdún 2004 ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó pè ní Background Story. Ní ọdún 2011, ó ṣe ìkeje wọn sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán kan tí Wang Shimin yà ní ọdún 1654 ni ó sì wò ṣe é.

Ẹni tó bá dúró níwájú iṣẹ́ náà yóò rí àwòrán òkè àti omi, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi tàdáwà yà láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún rìn dé ẹ̀yìn. Kò sí tàdáwà níbẹ̀ rárá. Ewéko gbígbẹ, bébà àti pàǹtírí ni wọ́n tò sẹ́yìn dígí tí kò mọ́ gaara, tí iná ń tàn sí. Èyí tó bá súnmọ́ dígí, òjìji rẹ̀ a dúdú, a hàn kedere. Èyí tó bá jìnnà, tirẹ̀ a ṣe bàìbàì bíi tàdáwà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwòrán ni èyí àbí ère? Ní tèmi, ère ni, nítorí pé àlàfo tó wà láàárín dígí àti àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹnìkan lè ní ìwọ̀sí ni láti fi pàǹtírí fara wé àgbà ayàwòrán. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Wang Shimin fúnra rẹ̀, àfarawé iṣẹ́ àwọn àgbà, pàápàá ti Huang Gongwang, ni ó fi kọ́ṣẹ́, kò sì fi í pamọ́. Lójú àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn, ẹni tó fara wé àgbà kì í ṣe olè; àrólé ni.

Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀. Ipa ọwọ́ ayàwòrán, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà àtijọ́ kà sí ẹ̀rí ìwà rẹ̀, kò sí nínú òjìji. Ohun tí Xu Bing fi rọ́pò rẹ̀ ni òtítọ́: ó ṣí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí, ẹ má ṣe tètè kúrò níwájú, ṣùgbọ́n ẹ má sì ṣe lọ láìyí sẹ́yìn.