Orin tí Fẹlá fi bú ọlọ́pàá

Ní Daagbé níbí, ta ni kò mọ orin Fẹlá? Ìgòlò kò jìnnà sí wa, rédíò Nàìjíríà sì ń dún nílé wa. Àwo kan tó ṣe ní 1975 ni mo fẹ́ kí a wò. Orúkọ rẹ̀ ni Expensive Shit, ìyẹn ìgbẹ́ olówó ńlá. Ẹ má bínú, òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá wá igbó tí wọ́n ń mu dé ilé rẹ̀ ní Èkó. Fẹlá gbé e mì. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń ṣọ́ ọ títí yóò fi yàgbẹ́, kí wọ́n lè gbé e lọ yẹ̀ wò. Fẹlá ní àwọn tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé ló gba òun: ìgbẹ́ tiwọn ni ọlọ́pàá gbé lọ.

Orin náà dára. Nígbà yẹn, adigunjalè pọ̀ ní Èkó. Láti 1971 ni wọ́n ti ń yìnbọn pa wọ́n létíkun, olè kò sì tán. Síbẹ̀ ìjọba rí èèyàn tí yóò ṣọ́ ìgbẹ́ olórin.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá a rò. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. Fẹlá lókìkí, ó ní lọ́yà. Ẹni tó fún un ní ìgbẹ́ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n tú u sílẹ̀? Ẹ̀rín kò kúkú dá ìbọn dúró. Ní 18 oṣù kejì 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sójà ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n sun ún, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ló dáná sun ilé náà.

Nítorí náà ni mo fi ń ka nǹkan mìíràn mọ́ orin yìí ní kíláàsì: Òfin Ńlá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 11 oṣù kejìlá 1990, ìpín 18. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi tí wọ́n bá mú un dé iwájú adájọ́, tí adájọ́ sì pàṣẹ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Àbúrò akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ti lo ọjọ́ márùn-ún rí ní kọ̀misáríà kan. À ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́, à ń bẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ka wákàtí.

Mo kọ 48 sójú pátákó. Ìyá kan bi mí pé, bí wọ́n bá sọ pé àná ni àwọn mú un ńkọ́? Mo ní kó wo aago lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí náà sílẹ̀. Ó mú gègé, ó kọ wákàtí ọjọ́ yẹn sínú kàyé rẹ̀, ó ní kí n wò ó bóyá ó tọ́.