Òkúta Tó Fẹ́lẹ́ Ju Irun Lọ

Bí ẹ bá dé ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ní Yunifásítì Gánà, ní Legon l'Accra, ẹ má tíì wá ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí.

Lára òkúta tó ń gé ni òkúta dúdú tí wọ́n ń pè ní Birimian, láti ìhà Ashanti; ó ti lé ní bílíọ̀nù 2 ọdún. Nígbà tó jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, kò sí ewé, kò sí ẹja, kò sí kòkòrò láyé. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi ló ni ayé. Àwọn kan nínú wọn ló kọ́kọ́ tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú afẹ́fẹ́. Ìyókù ara wọn wà lára ohun tó mú òkúta yìí dúdú.

Òkúta yìí máa ń ya ní ìpele-ìpele, nítorí náà kí àwọn tó ń gé e tó gé e, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó mu gọ́ọ̀mù. Ayùn onídáyámọ́ńdì ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, omi á máa ṣàn lé e lórí. Wọ́n á dán ojú kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí, wọ́n á wá máa lọ ojú kejì títí yóò fi ku mìlímítà 0.03. Kò nípọn tó ìdajì fọ́nrán irun orí.

Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, láàárín gíláàsì méjì tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, bí èròjà quartz inú rẹ̀ bá ṣì ń ṣe yẹ́lò, ó ṣì nípọn jù. Bó bá di àwọ̀ eérú, ó tó. Ìyẹ̀fun líle díẹ̀, omi díẹ̀, ìka méjì lórí dígí: a lọ̀ ọ́, a fọ̀ ọ́, a tún wò ó. Bí ìka bá tẹ apá kan jù, iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà bá omi lọ.

Irú abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni Stanley Tyler, ará Amẹ́ríkà, ń wò ní 1953, nínú òkúta Gunflint láti etí adágún Superior, tó fi rí àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ti di òkúta láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.9 ọdún. Òun àti Elso Barghoorn ti Harvard kéde rẹ̀ ní 1954. Ìtàn ohun abẹ̀mí tí a mọ̀ wá gùn sẹ́yìn gan-an.

Orúkọ ẹni tó wo òkúta ló máa ń wà lókè ìwé ìwádìí. Ẹni tó lọ̀ ọ́, bó bá ríire, ìlà kan nísàlẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kọ orúkọ wọn mọ́ tiyín, kí ẹ sì wá ọmọ iṣẹ́ fún wọn kí ọwọ́ wọn tó rọ̀.